Ta Ló Rán Ẹ Níṣẹ́?

Láti oṣù Òkúdu ni ìbéèrè kan ti ń bá mi gbé. Mò ń gbọ́ ọ bí mo bá ń fọ abọ́, mò ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ láti Apẹ̀tẹ̀ sí Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, ó sì ti jí mi lójú oorun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyá mi ló bi mí. Kò fi ìbínú bi mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, báàgì tó gbé wá láti Iléṣà ṣì wà léjìká rẹ̀. Ó wo ebè mẹ́fà tí mo kọ, ó wo ọkọ́ tó fara ti ògiri, ó wá yíjú sí èmi tí mo di ara ilẹ̀kùn mú kí n má baà ṣubú. Ó ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

Gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá forí ara rẹ̀ gba wàhálà tí kò kàn án là ń sọ ọ́ fún, a kì í sì í dúró gbọ́ èsì. Ṣùgbọ́n èmi ti ń wá èsì rẹ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí ó dá mi lójú pé èsì wà, àti pé ó yẹ kí ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ẹ̀jẹ̀ SS ni mo ní. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé kò fẹ́ àlàyé lọ́dọ̀ mi, ẹni tí kò ní in náà ti gbọ́ orúkọ tí àwọn bàbá wa fún un: fòníkú-fọ̀ladìde.

Ìlà mẹ́rin ewédú

Ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu ni, ọjọ́ ìsinmi ìjọba tiwa-n-tiwa. N kò lọ síbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni ara mi ti yá gágá, irú yíyá tó máa ń tan ẹni tó ní àìsàn jẹ, tí yóò fi rò pé gbogbo ohun tó ti kọjá lára òun ti lọ pátápátá. Mo ti fi aṣọ di irúgbìn ewédú, mo rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo sì ti sá a, nítorí ewédú tí kò bá rí omi gbígbóná a máa sùn sínú ilẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ ìpè. Ebè márùn-ún ti parí. Ó ku ẹyọ kan, ìlà mẹ́rin lórí rẹ̀.

Òjò ṣú láti apá Elẹ́yẹlé. Mo rí i. Mo gbọ́ afẹ́fẹ́ tó máa ń ṣáájú rẹ̀, mo gbọ́ bí àwọn ará ilé kejì ṣe ń pe ọmọ láti wá ká aṣọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ohun mẹ́ta ni kí n sá fún: òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀. Láti aago méjì ni mo ti wà lórí ìdúró. N kò tí ì mu omi, torí pé àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà láàárín ẹ̀yìnkùlé àti ilé ìdáná, ìbàdí mi òsì kì í sì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn. Àárẹ̀ ti wà nílẹ̀, òùngbẹ ti wà nílẹ̀, òtútù nìkan ló kù tó ń bọ̀ lókè yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ìlà mẹ́rin péré ni.

Mo parí rẹ̀. Òjò ti pa mí dé awọ nígbà tí mo wọlé. Mo fi omi gbígbóná wẹ̀, mo wọ súwẹ́tà, mo mu omi bíi ife mẹ́fà tẹ̀léra bí ẹni tó ń san gbèsè. Ní nǹkan bí aago kan òru, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa pe ìrun àárọ̀, ó ti dé ẹ̀yìn, ó ti dé àyà, aládùúgbò mi kan ló sì gbé mi sínú mọ́tò rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò lọ́hùn-ún. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ohun kan tí n kò gbàgbé ni pé nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fa omi sí mi lára gbé ọwọ́ mi sókè sínú ìmọ́lẹ̀, ó rí ẹrẹ̀ tó há sábẹ́ èékánná mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé oko lẹ ti ń bọ̀ ni?" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Mo fa ọwọ́ kejì pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ẹ̀jẹ̀ tí kì í pẹ́ tó tẹ̀tẹ̀

Lórí ibùsùn yẹn ni mo ti ṣe ìṣirò kan tí n kò ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ pé a máa lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Tèmi kì í ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Tẹ̀tẹ̀ tí mo bá gbìn lónìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni mo máa fi dúró kó tó ṣeé gé. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára mi lọ́jọ́ tí mo wọ́n irúgbìn sílẹ̀ yóò ti kú, òmíràn yóò ti rọ́pò rẹ̀, kí ewé náà tó wọ ìkòkò. Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Gbogbo ìgbà ni ara mi ń gbin nǹkan, gbogbo ìgbà ni ó ń kórè láìtọ́jọ́. Kò yà mí lẹ́nu mọ́ pé ó ń rẹ̀ mí.

Ní 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa ọmọ ilé ìwé kan tó wá láti Grenada, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Láti ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ti wá ń fi dòjé pe àrùn yìí. Irinṣẹ́ àgbẹ̀ ló wà nínú orúkọ rẹ̀. Oògùn róbótó aláwọ̀ ìyeyè tí mò ń gbé mì lárààárọ̀ láti kékeré, fólíkì, òun náà kò jìnnà sí oko: ewé ẹ̀fọ́ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní spinach ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1941, ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ewé ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí mo fi ń dáko, mo ti ní èsì tó mọ́gbọ́n dání. Mo máa ń sọ pé ewé dára fún ẹ̀jẹ̀ mi. Mo máa ń sọ pé ìdì ẹ̀fọ́ kan ní ọjà Bódìjà ti kéré débi tí kò kún ọwọ́ mọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n n kò lè fi wọ́n dá ìyá mi lóhùn, nítorí òun mọ̀ pé mo lè fi owó dírípù ọjọ́ mẹ́fà ra ẹ̀fọ́ ọdún kan.

Ọmọ ẹyin

Abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà la ti tọ́ mi dàgbà, láàárín oko kòkó. Ọjọ́ Sátidé, gbogbo ilé ló ń lọ sóko. Èmi náà ń lọ, torí pé kò sẹ́ni tó lè fi mí sílẹ̀ nílé láìsí olùtọ́jú. Wọ́n á tẹ́ ẹní fún mi lábẹ́ igi obì, wọ́n á gbé kèrègbè omi sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kí n máa mu ún. Èmi nìkan ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi wà níwájú, mò ń gbọ́ ìró ọkọ́ wọn, mo sì mọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ láì gbójú sókè. Ọmọ ẹyin ni wọ́n ń pè mí, ẹlẹgẹ́ tí a kì í jẹ́ kó já bọ́. Wọ́n fẹ́ràn mi ni wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́ wọn síta, wọ́n á máa fi ibi tó lé ròrò han ara wọn. "Tèmi ti bẹ́." "Wo tèmi, méjì ni." Èmi náà á wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ń dán bíi ti ọmọ ọwọ́.

Ẹni tí kò bá jókòó lábẹ́ igi obì yẹn lè rò pé mò ń ṣàròyé lórí oore. N kò ṣàròyé. Bí wọn kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá n kò ní wà láyé kọ ọ̀rọ̀ yìí. Síbẹ̀, nígbà tí mo kó dé Apẹ̀tẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí mo rí i pé ilé náà ní ẹ̀yìnkùlé, kí n tó ra ìkélé fèrèsé ni mo ti lọ sí Ọjà-Ọba lọ ra ọkọ́. Ọkọ́ tuntun, igi ìdìmú rẹ̀ ṣì funfun. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ lé ròrò sí mi lọ́wọ́, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo rò pé ọmọ tó wà lórí ẹní yẹn ló rán mi.

Àárọ̀ Sátidé

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá mi sílẹ̀, ọjọ́ 19, ọjọ́ tí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àrùn wa yìí. Ọjọ́ náà ni ìyá mi dé, tó sì bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Kò tún mẹ́nu kan oko mọ́. Ó sè àgbàdo, ó fi rọ́bà omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn, ó sùn sórí ẹní nísàlẹ̀ ibùsùn mi bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ní àárọ̀ Sátidé mo jí, n kò rí i nínú yàrá. Mo rọra di ògiri mú dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó ti wà láàárín oko mi. Ó gbé àpótí ilé ìdáná síta, ó jókòó sórí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń fi ọwọ́ fa koríko. Ọkọ́ ṣì wà níbi tó wà lára ògiri, kò fọwọ́ kàn án. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ojú tì mí gan-an.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ara mi bá yá, màá ro ó."

"Gbé àga wá, kí o jókòó."

Mo gbé àga wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án òjò ti kọjá lórí ilẹ̀ náà, gbogbo rẹ̀ ti di igbó. Mo wá ìlà mẹ́rin ewédú mi, n kò rí ewé kan. Àgbàrá ti wọ́ irúgbìn náà kúrò lórí ebè, inú gọ́tà ló hù sí, ó dúró gọngọ lórí iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, níbi tí n kò fi ọwọ́ gbin nǹkan kan sí. Mo wo ó, mo rántí òru ọjọ́ yẹn, mo sì sunkún díẹ̀. Ìyá mi ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni mo wá kíyè sí i pé òkìtì méjì ló ń kó jọ. Imí eṣú, abẹ́rẹ́ àti ewé Akíntọ́lá wà nínú ọ̀kan, ó ń sọ wọ́n sẹ́yìn láì wò wọ́n. Èkejì wà nínú igbá ẹ̀fọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tò wọ́n síbẹ̀ ní ìdìmú-ìdìmú. Àwọn mìíràn wà tó kàn gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí kò fà tu rárá.

"Màámi, ẹ ti fo ìyẹn."

"Èwo?"

Mo nawọ́ sí i. Ó já ewé kan lórí rẹ̀. "Kí lo ń pe èyí?"

"Koríko ni."

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá fi ìka méjì rin ewé náà, ó sì nà án sí mi nímú. Òórùn náà ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn kí ẹnu rẹ̀ tó là. Ọbẹ̀ ilé wa ni. Ọbẹ̀ ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo ilé bá ti oko dé. "Ẹ̀bọ̀lọ̀ nìyí," ó ní. "O ti jẹ ẹ́ tó àgbọ̀n ọgọ́rùn-ún."

Mo ti jẹ ẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ìkòkò nìkan ni mo ti mọ̀ ọ́n. N kò rí i lórí ìdúró rí, torí pé abẹ́ igi obì ni mo wà nígbà tí àwọn yòókù ń já a. Ẹ̀bọ̀lọ̀ tí orí òdòdó rẹ̀ máa ń doríkodò, tí afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ kiri bí òwú, tí kì í dúró de ẹni tó máa gbìn ín. Ó fi yánrin hàn mí, èyí tó ń ṣe oje funfun bí wàrà bí a bá já a. Èyí tí mo ti ń hú láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, tó sì ń padà hù láti orí gbòǹgbò tó kù. Ó fi odú tí ẹyẹ gbé wá hàn mí nídìí tánkì omi. Ó fi tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún hàn mí, ó ní tèwe rẹ̀ ṣeé jẹ kí ẹ̀gún tó le. Gbúre nìkan ni mo dá mọ̀ fúnra mi, mo sì ti máa ń hú òun náà dànù bó bá jáde lórí ebè tí mo pèsè fún nǹkan mìíràn.

Ọdún méjì. Ọdún méjì gbáko ni mo ti ń fi ọkọ́ ro oúnjẹ dànù kí n lè ráyè gbin oúnjẹ. Ìgbà mẹ́rin láàárín ọdún méjì náà ni mo ti bá ara mi nílé ìwòsàn lẹ́yìn tí mo ro oko. Mo jókòó sórí àga yẹn, n kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì bá mi wí. Ó kàn ń fà, ó ń tò, ó ń pe orúkọ wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ka ìwé ìforúkọsílẹ̀ níléèwé: ẹ̀bọ̀lọ̀, yánrin, odú, gbúre. Mo ń gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí oòrùn mú, mo bi í pé kí ló dé tí kò lo ọkọ́, ó ṣáà ti lè tètè parí. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé igbá rẹ̀ wọlé.

Ilé ìdáná ló ti dáhùn, nígbà tó ń já irú sínú epo. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi. Ó ní, "Ọkọ́ tí wọ́n fi gbẹ́lẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, èmi ni mo gbé e fún wọn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Bàbá ẹ ní kí n gbé e wá, mo gbé e wá."

Mo mọ̀ pé mo ní ẹ̀gbọ́n tó kú kí n tó dáyé. 1981 ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bi ìyá mi léèrè nílé wa.

"Èmi, wọ́n rán mi níṣẹ́ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Ìwọ, ta ló rán ẹ?"

Kòsọ́kọ́

Ó sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n bí mi, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi wú kí n tó pé ọmọ ọdún kan bíi ti ẹ̀gbọ́n mi gẹ́lẹ́, òun fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Kòsọ́kọ́. Bàbá mi kọ̀. Ó ní orúkọ àbíkú kò yẹ ilé onígbàgbọ́.

Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn láti inú ìtàn. Ọba Kòsọ́kọ́ jẹ l'Ékòó láti 1845 dé 1851. A ti pè é débi pé etí wa ò gbọ́ ọ mọ́. Ọkọ́ ló wà níbẹ̀: kò sí ọkọ́. Kò sí ohun tí a máa fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ, nítorí náà jọ̀wọ́, má kú. Àwọn òbí tí kò tí ì gbọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bí dòjé ti rí ọmọ tó ń wú lọ́wọ́ wú lẹ́sẹ̀, tó ń kú tó ń padà wá, wọ́n sì mọ irinṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù. Èmi wá fi owó mi ra á wọlé, mo gbé e ti ògiri níbi tí ìyá mi máa kọ́kọ́ wò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ

Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ìtìjú, nítorí òun gan-an ló gbé mi dúró nínú òjò, ju ìfẹ́ ewédú lọ. Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, a ti ń kọ ọ́ lórin láti jélé-ó-sinmi. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́, ọ̀lẹ ni. Bí ọ̀lẹ bá pọ̀ jù fún un, a ó pè é ní alápá-má-ṣiṣẹ́. Ẹni tó dùbúlẹ̀ pátápátá ní orúkọ tirẹ̀, olókùnrùn, a sì ń bá a kẹ́dùn. N kò rí orúkọ fún ẹni tó lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tí kò lè ṣe é lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn lọ sọ́jà lánàá, tí kò lè gbé korobá lónìí. Ojú tó rí i lánàá kò gbà á gbọ́ lónìí.

Nígbà tí ìyá onílé mi bá kọjá, tó bá ní, "Ẹ̀yìnkùlé yín mà ti ń di igbó o," kò ní ibi kankan lọ́kàn. Èmi ni mo máa ń fi òru ro oko nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu ro oko rí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 là ń bí lọ́dún kan ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn yìí. Púpọ̀ nínú wọn kì í dàgbà. Àwọn tó dàgbà wà láàárín wa, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, níléèwé, ní báǹkì, wọ́n ń fi ẹnu rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi eyín pa ìrora mọ́ra, torí kí ẹnikẹ́ni má baà pè wọ́n lọ́lẹ. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí, tó ní irú wọn lábẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, ronú lé e.

Mo sì fẹ́ bá àwọn òbí sọ ọ̀rọ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Kí ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín gbé ọkọ́, ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó mọ orúkọ ewé. Ẹ gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ wà. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n ọwọ́ kọ̀ọ̀kan wà lóko. Wọ́n dáàbò bo ara mi lábẹ́ igi obì yẹn, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ìmọ̀ tí n kò rí gbà níbẹ̀, ara mi náà ló padà san án.

Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí

Oṣù Ọ̀wàrà la wà yìí. Ebè méjì péré ló kù nínú mẹ́fà, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò ni mò ń wọ́n sí i, bí ara bá gbà. Bí kò bá gbà, ilẹ̀ á sinmi. Ẹ̀ka ewúro ni mo fi ṣe ọgbà yí i ká, gígé ni mo gé e gún mọ́lẹ̀, kò sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà. Àwọn ata rodo wà nínú àpò ìrẹsì lórí bulọ́ọ̀kù, kí n má baà máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣágo omi mímu wà nídìí ewúro, èmi ni mo ń mu ún, ewúro kì í mu níbẹ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń dìde, ìlà tó bá kù á kù.

Ìyá mi fi ẹ̀ka wọ̀rọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí mi láti ọwọ́ awakọ̀ Iléṣà, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e. Abẹ́ òjìji ló ń fẹ́, bí abẹ́ kòkó. Mo rì í sẹ́yìn tánkì níbi tí oòrùn kì í dé, ó sì ti gun fẹ́ǹsì dé apá ọ̀dọ̀ ìyá onílé. Òun náà ti ń já nínú rẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ igbó mọ́, ó ń bi mí bí wọ́n ṣe ń sè é ni.

N kò gbin tòmátì mọ́. Ó dùn mí. Mo fẹ́ràn tòmátì, mo fẹ́ràn òórùn ewé rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ ẹni, n kò sì sí lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní oṣù Ògún wọ́n ya àwòrán ìbàdí mi òsì. Orí egungun itan náà ti ń kú, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ dáadáa mọ́. Ọ̀pá ni mo fi ń rìn bí ilẹ̀ bá yọ̀. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò tẹ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rárá, tí mo kàn ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ẹ̀bọ̀lọ̀ á ti jáde, yóò ti yọ òdòdó, afẹ́fẹ́ á ti gbé e lọ. Mo máa ń pe orúkọ wọn láti ibi tí mo wà.

Ọjọ́ kejì tí ìyá mi padà sí Iléṣà, ní òpin Òkúdu, mo fẹ́ gbá ẹ̀yìnkùlé. Mo wo ara ògiri, n kò rí ọkọ́ mi. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ àtẹ̀gùn, mo bi àwọn ọmọ ilé kejì. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó wá sọ sí mi lọ́kàn pé báàgì tí ìyá mi gbé lọ gùn ju èyí tó gbé wá lọ. Mo pè é lórí fóònù.

"Màámi, mi ò mà rí ọkọ́ mi."

Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò sọ́kọ́," ó ní.